Ta Ni Yóò Ṣe Agbẹnusọ fún Ìwé Onítìjú?

Ṣé ó bójú mu kí èèyàn dúró níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ yin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀? Ìbéèrè náà lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan lójú ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ ìwé kan lóru, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, tó wá jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló ní láti fi sọ ohun tó kọ, tí ahọ́n rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Ẹni tó ń dúró níwájú rẹ̀ yìí ni éjẹ́ǹtì ìwé. Ẹ má ro ti éjẹ́ǹtì ilé o, èyí tó máa gba owó fọ́ọ̀mù, tó máa gba owó ìwòran, kí ẹ tó fojú kan kọ́kọ́rọ́. Éjẹ́ǹtì ìwé tó bá jẹ́ ojúlówó kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ṣáájú. Á ka ìwé yín. Bó bá fẹ́ràn rẹ̀, á gbé e lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, á bá wọn dúnàádúrà, ìgbà tí owó bá wọlé ni yóò tó yọ tirẹ̀. Náírà 15 nínú 100 ló wọ́pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti tà á, tàbí pé èdè mìíràn ni wọ́n fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí, ó máa ń di 20. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó ka ìwé yín, ẹ sá fún un.

Èmi máa ń pe éjẹ́ǹtì yìí ní alárenà ìwé, torí pé iṣẹ́ alárenà ló ń ṣe. Láyé àtijọ́, tí ọ̀dọ́kùnrin bá rí ọmọge tó wù ú, òun kọ́ ló máa lọ kan ilẹ̀kùn bàbá ọmọ pé èmi nìyí, mo rẹwà, mo sì lówó lọ́wọ́. Alárenà ni yóò lọ. Alárenà ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìwà ọmọkùnrin náà tí kò fi ní dà bí ìyangàn, òun náà ló sì lè gbọ́ “rárá” kí ẹnikẹ́ni má tẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ alárenà ìwé ti wá lọ́jú pọ̀ ni pé, kí ó tó gbà láti máa yìn ọ́ kiri, ìwọ fúnra rẹ ló máa kọ́kọ́ yin ara rẹ níwájú rẹ̀. Àfi bí ìgbà tí alárenà bá ní kí ọkọ ìyàwó kọ́kọ́ wá jó fún òun wò.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé nílẹ̀ wa ló máa ń gba ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tààrà, láìsí alárenà kankan láàárín. Ẹni tó bá ń fojú sun àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Lọ́ńdọ́nù tàbí New York ni kò lè ṣe é láìsí alárenà. Ọ̀hún sì ni ọ̀pọ̀ àwọn alárenà yìí ń gbé. Ìgbà tí àjọ̀dún ìwé bá dé ni a máa ń rí díẹ̀ nínú wọn.

Kọ́bapẹ́ ni mò ń gbé, lójú ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Síun àti Ṣágámù. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, nílé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà kan, ó rọrùn fún àwa ará apá ibí yìí. Láti 2013 tí Lola Shoneyin ti dá Aké Festival sílẹ̀ títí di 2017, June 12 Cultural Centre ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń ṣe é. Èèyàn lè wọkọ̀ ní Kọ́bapẹ́ láàárọ̀, kó lọ jókòó ti àwọn òǹkọ̀wé tó wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, kó sì padà wálé jẹ àmàlà lálẹ́. Ní 2018 wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Orúkọ Aké ṣì ń jẹ́ tiwa, àmọ́ owó ọkọ̀ ti yàtọ̀.

Aládùúgbò mi kan wà, tíṣà ni, obìnrin jẹ́jẹ́. Ó ti kọ ìwé ìtàn kan parí, èmi náà sì ti kà á. Ìtàn ìyá kan tó ń din gààrí ni. Ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ ra ilẹ̀ tí ìdílé ọkọ rẹ̀ ń dáko lé, gbogbo ẹbí ti fọwọ́ sí i, ìyá náà nìkan ló kù, àṣírí kan sì wà nínú ilẹ̀ yẹn tí òun nìkan mọ̀. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń di títà ní àyíká wa níbí á mọ̀ pé ìtàn náà kò jìnnà sílé. Lọ́dún kan, ó lọ sí àjọ̀dún ìwé kan ní Èkó, ó sì rí alárenà kan tó dúró nídìí omi, òun nìkan. Ọ̀rẹ́ mi rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bu omi, ó mu ún, ó padà sí àyè rẹ̀. Ó tún lọ. Kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta ló mu lọ́jọ́ náà, kò sì sọ ju “ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà” lọ.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá máa sọ fún màdáámù yẹn pé mo mọ̀wé kọ ni?”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè nípa ìwà ló bi mí yẹn, ó sì yẹ kí èèyàn dáhùn rẹ̀ dáadáa kí ó tó máa sọ fún un pé kó ṣọkàn akin.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọmọ kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. A kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Tí wọ́n bá yin ọmọ, á kúnlẹ̀, á ní “ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run ló ṣe é”. Bí iṣu ẹni bá ta, ṣebí a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Ẹ wá mú ọmọ yìí kan náà lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ òǹkọ̀wé pé kí ó wo èèyàn lójú, kí ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gírígírí, kí ó ní ìwé òun kò lẹ́gbẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ pè é ní ọmọlúàbí nílé ló máa kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, èèyàn lè pe ara rẹ̀ ní aláìnítìjú, kó rẹ́rìn-ín, kó sì máa polówó ìwé rẹ̀ lọ. Lédè tiwa, èébú gidi ni. Wọ́n lè torí rẹ̀ jà ní ọjà.

Àmọ́ Yorùbá kan náà ló sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ẹ rí wàhálà? Àwọn àgbà fún wa ní òwe méjì, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìjà tó wà láàárín wọn.

A kò sì lè sọ pé Yorùbá kórìíra ìyìn. Ta ló tún fẹ́ràn ìyìn tó wa? Láàárọ̀ kùtù, ìyá á ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì kó tó fún un lóúnjẹ. Onílù á rí aláṣọ ńlá lókèèrè, gángan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tí à ń ṣọ́ra fún ni ẹnu tí ìyìn ti ń jáde. Ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ kó ti wá. Kódà oníjàálá, tó lè fọ́nnu títí ilẹ̀ á fi mọ́, á kọ́kọ́ júbà ná. Ó máa dá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ̀ kí ó tó sọ ti ara rẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà kan wà nínú àṣà wa fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀nà náà kàn ní ẹnu ibodè ni.

Ìṣòro mi pẹ̀lú ìtìjú ni pé nǹkan méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àkọ́kọ́ ni ìtìjú tó ń ṣọ́ ẹlòmíràn: mi ò fẹ́ gba àkókò rẹ, mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ pé ìwé mi dára ju bó ṣe rí lọ. Ìtìjú yìí dára, kí Ọlọ́run má gbà á lọ́wọ́ wa. Èkejì ń ṣọ́ ara rẹ̀: mi ò fẹ́ kí o kọ̀ fún mi. Mo fẹ́ kí o rí mi láìjẹ́ pé mo pè ọ́. Mo fẹ́ kí o bẹ̀ mí. Èyí kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ rárá. Ìgbéraga tó wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ ni, ó sì máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ gan-an kò ní mọ̀. Nínú èèyàn kan náà, àwọn méjèèjì lè jọ máa gbé, kí wọ́n máa pín oúnjẹ jẹ. Mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta yẹn, kò sì kàn mí.

Ohun tí mo lè sọ ni pé “mo mọ̀wé kọ” kì í ṣe ohun tí alárenà béèrè. Ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, kí ẹ dúró wo àwọn ìyá tó mọ ọjà á tà. Ìyá á tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Á ní, “Ẹlẹ́kọ lèyí, ọwọ́ ni wọ́n fi ya á.” Á fa òmíràn yọ: “Oníko nìyí, wò ó, ibi tí wọ́n so ó nìyí.” Á yí i padà kí ẹ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ pé òun ni ọ̀gá aláró nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe aṣọ náà, ó ń jẹ́ kí ojú yín ṣèdájọ́. Ẹni tó bá pe ìyá yẹn ní afọ́nnu kò mọ ọjà. Ẹni tó bá sì ká àdìrẹ rẹ̀ sínú báàgì, tó jókòó lé e, tó ń retí kí oníbàárà gbóòórùn aró, kò ní ìrẹ̀lẹ̀ ju ìyá náà lọ. Ó kàn ń pa àdìrẹ mọ́ ni.

Bóyá ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onítìjú sá wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí àwọn èèyàn mi, ni pé kọ́òdù máa ń gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa bi yín bóyá ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Ìwé ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ló máa gbà kí ẹnìkan tó lè “tẹ bọ́tìnnì” ìwé, alárenà kò sì ní wákàtí mẹ́wàá fún gbogbo ẹni tó bá rí nídìí omi. Bẹ́ẹ̀, kódà nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá gbé kọ́òdù sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkọ README sí i mọ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: kò sẹ́ni tó máa lò ó. Kò sí ẹni tó ń pe README ní ìyangàn. Ọ̀wọ̀ fún àkókò ẹlòmíràn ni: ohun tí èyí ń ṣe nìyí, ẹni tó wúlò fún nìyí, bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn kò ju README lọ.

Ṣé àfi kí èèyàn sọ ọ́ lẹ́nu ni? Rárá o. Ọmọ Ẹ̀gbá tiwa ti fi hàn wá. Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní 1920, ń ṣiṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó nígbà tó ń kọ ìwé. Iléèwé tó lọ kò pọ̀. Ta ni ì bá mú mẹ́sẹ́ńjà wọ yàrá tí àwọn atẹ̀wé Lọ́ńdọ́nù wà? Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló lò. Ìwé tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà ló fi ránṣẹ́ sí, Focal Press ní Lọ́ńdọ́nù! Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò tẹ̀ ẹ́; 1982 ni ìwé náà tó jáde, níbòmíràn. Kò torí ìyẹn gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó rí ìpolówó àwọn United Society for Christian Literature, ó fi òmíràn ránṣẹ́ sí wọn. Irú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ kọ́, àmọ́ ẹnìkan níbẹ̀ kò jù ú sí kọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e lọ fún Faber and Faber, ibi tí T. S. Eliot ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá. The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Ní ọdún kan náà, akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Tutuola kò dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ gba ọ̀nà tó bá a lára mu, ó sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìfìwéránṣẹ́ tiwa lónìí ni ímeèlì. Ọ̀pọ̀ alárenà ní ìlú ọba ló ń béèrè orí mẹ́ta àkọ́kọ́, àkópọ̀ ìtàn àti lẹ́tà kúkúrú kan, ojú ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ń gbà wọlé títí di òní. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá ṣeé là lójúkojú kò tíì pàdánù. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé ẹni tí kò bá lè pàtẹ́ ọ̀rọ̀ kò yẹ ní òǹkọ̀wé. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ń fi ẹnu dídùn wọn ìwé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló máa rí mú.

Àmọ́ ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Chinua Achebe. Ní 1956, iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ wa rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé BBC ní Lọ́ńdọ́nù. Ìwé tó ń kọ wà nínú ẹrù rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, Gilbert Phelps, jẹ́ òǹkọ̀wé. Achebe ń lọ́ tìkọ̀ láti fi ìwé náà hàn án. Ta ló wá tì í lẹ́yìn? Bísí Ọ̀nàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n jọ lọ, ẹni tó padà di gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí láti 1979 sí 1983. Òun ló ní kó lọ fún ọkùnrin náà. Ẹ sì mọ orúkọ tí Ọ̀nàbánjọ fi ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn? Ayékòótọ́. Odídẹrẹ́ ló lọ gbẹnu sọ fún ẹyẹ tó dákẹ́.

Phelps ka ìwé náà, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun máa fi han àwọn atẹ̀wé. Achebe ní kó dúró ná, ìwé náà kò tíì pọ́n tó. Ó padà wálé, ó gé lára rẹ̀ kúrò, ara èyí tó gé kúrò sì padà di ìwé rẹ̀ kejì. Ibí yìí ni mo ti rí ìtìjú tó dára. Ó fi ìwé hàn, ó gbọ́ ìyìn, ó sì sọ òótọ́ nípa ohun tí iṣẹ́ náà ṣì nílò. Nígbà tó tún un kọ tán, ó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tó fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́nù kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ lórí táípíráítà. Wọ́n dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Angela Beattie, ló yà síbẹ̀ nígbà tó lọ lo ìsinmi, ó sì fi ìbínú bi wọ́n léèrè. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá a rí. Things Fall Apart jáde ní 1958. Ẹ ka iye ẹnu tó sọ̀rọ̀ kí ìwé yẹn tó dé ọwọ́ wa, kí ẹ sì wo iye ìgbà tó jẹ́ pé ẹnu Achebe kọ́.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ojúṣe sísọ̀rọ̀ fún ìwé kì í ṣe ti ẹni tó kọ ọ́ nìkan. Àwa tí a ti kà á ńkọ́? Èmi tí mo ka ìtàn ìyá onígààrí yẹn títí di agogo méjì òru, kí ni mo ń wò nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń mu omi? Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá wà níbẹ̀, èmi ló yẹ kí n sún mọ́ alárenà náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rẹ́ mi yìí kọ ìwé kan tí kò jẹ́ kí n sùn.” Gbólóhùn yẹn kò ní ìyangàn kankan nínú, torí pé ẹnu òǹkàwé ló ti jáde. Ẹ̀yin onítìjú, ẹ má dá nìkan lọ síbi àjọ̀dún. Ẹ mú Ayékòótọ́ kan dání.

Tó bá sì wá jẹ́ pé ẹ dá wà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Gbólóhùn méjì tó: ta ni, kí ló ń wá, kí ló ń dí i lọ́wọ́, níbo. “Ìyá kan tó ń din gààrí ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta nìkan ni kò fọwọ́ sí ilẹ̀ tí ẹbí fẹ́ tà fún ilé iṣẹ́ ńlá. Tó bá sọ ìdí rẹ̀, ilé rẹ̀ máa tú. Tí kò bá sọ ọ́, wọ́n máa hú ohun tó wà nínú ilẹ̀.” Ẹ fi iye ọ̀rọ̀ ìwé náà kún un, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti kọ ọ́ parí, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń polówó èyí tí wọn kò tíì kọ. Kò sí òfin tó ní ẹ kò gbọdọ̀ kà á látinú ìwé. Ẹ lè sọ pé, “Ojú máa ń tì mí, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín.” Ẹ má dá a dúró nínú ilé ìtura, tàbí níbi tó ti ń jẹun, ẹ júbà, ẹ béèrè bóyá ó ní ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Onítìjú mọ̀ ọ́n dákẹ́, ìgbà yìí ló máa wúlò. Á béèrè ìbéèrè, ẹ dáhùn èyí tó béèrè. Tó bá ní òun kì í gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́. Tó bá ní kí ẹ fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ gba àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ẹ kà á padà fún un kó má baà sí àṣìṣe, kí ẹ sì máa lọ mu omi yín.